Ẹṣin Òkun Méjì Nínú Balùwẹ̀

Ọjọ́ kẹrin tí Màmá Ẹ-Rọra fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ni ọkọ rẹ̀ gbé páálí kan wọlé. Ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá ilẹ̀kùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi gba ọmọ. Nígbà tí aboyún bá ń lọgun, tí ọkọ rẹ̀ bá ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé, ohùn kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbọ́: "Ẹ rọra, ẹ rọra, kò sí ohun tó ń lé wa." Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì, òun gan-an kò rọra mọ́. Ó ti to kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fọ aṣọ fèrèsé tí kò dọ̀tí. Ó ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí ìyẹn fi fa apá rẹ̀ sẹ́yìn tó ní, "Ìyàwó mi, bí ẹ̀jẹ̀ mi kò bá ru tẹ́lẹ̀, ìwọ lo máa mú un ru."

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹja bá ti délẹ̀, ṣe ló máa ń dà bí ọmọ tó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ wọn, tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì ti tó ọdún kan gbáko tó ti ń tún un ṣe. Ó po iyọ̀ sómi, ó gbin koríko òkun sí i, ó kó ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ìdọ̀tí sí i. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ilé náà àfi onílé. Ẹṣin òkun ló ń dúró dè.

"Baálé mi, kí ló wà nínú páálí yẹn?"

"Àlejò ni."

"Àlejò wo ló ń gbé inú páálí?"

Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó fi abẹ la ẹnu rẹ̀. Ọ̀rá omi méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dá kékeré kan ló sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá rí ẹṣin òkun rí, kó fi ojú inú wo ẹja kan tí kò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ, tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, tí ìrù rẹ̀ ká bíi ti alágẹmọ, tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní òró bí akẹ́kọ̀ọ́ tí tíṣà ní kó dìde dúró. Ọ̀kan dúdú, èkejì pupa rúsúrúsú. Àwọn méjèèjì rù débi pé gbogbo òrùka ara wọn ló yọ síta.

Oníbàárà rẹ̀ kan, òmùwẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ láti máa kó ẹja ọ̀ṣọ́, ló mú wọn nínú koríko ìsàlẹ̀ òkun lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ ń ṣàlàyé, ọwọ́ rẹ̀ ń fò sókè sódò. A kò lè da wọ́n sínú àpótí ńlá báyìí o. Inú òkun gbalasa ni wọ́n ti wá, a kò mọ kòkòrò tó wà lára wọn, a kò mọ aràn tó wà nínú wọn. Bí wọ́n bá kó àìsàn wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan ti bá omi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá wà.

Màmá Ẹ-Rọra gbọ́ "ọ̀sẹ̀ mẹ́fà", ó gbọ́ "dá wà", nǹkan kan sì jí lára rẹ̀. Ọdún mẹ́rin nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe ọ̀gá wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀. Ó nàró ṣánṣán.

"Níbo lẹ fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ sí?"

Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. "Mo ń rò ó pé... balùwẹ̀ ìsàlẹ̀."

"Balùwẹ̀ Màámi?"

"Balùwẹ̀ ta ni?" Ohùn náà wá láti inú àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màámi, ìyá onígbàjámọ̀, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Etí rẹ̀ kì í gbọ́ tí wọ́n bá ń pè é wá lo oògùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dárúkọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú yàrá kẹta, á gbọ́. "Ẹ gbé wọn wá kí n rí ẹni tó fẹ́ gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n gbé ọ̀rá náà lọ bá a. Ó gbé awò sójú. Pupa rọra yí ojú kan sí i, ó sì fi ojú kejì ṣọ́ ọ̀nà ibòmíràn, nítorí pé ojú ẹṣin òkun kì í bára wọn rìn. Màámi wò ó títí.

"Ojú kan ń wò mí, ìkejì ń wo ilẹ̀kùn," ló ní. "Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí tí mo bá bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Ẹ gbé wọn síbẹ̀. Màá máa lọ wẹ̀ lókè."

Bẹ́ẹ̀ ni balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣe yí padà di ilé àlejò. Wọ́n gbé pákó lé orí ibi ìwẹ̀, wọ́n gbé àpótí gíláàsì kékeré lé pákó, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sí i. Onígbàjámọ̀ fẹ́ ta kókó sí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí omi tuntun lè máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú èyí tí àwọn ẹja bá wá, kí ara wọn má bàa gbọ̀n rìrì. Ìyàwó rẹ̀ wo kókó náà, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó padà dé, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ló mú dání, tuntun, tí kò tíì jáde nínú ọ̀rá rẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló dì í mọ́ ẹ̀bùn ìdágbére rẹ̀ láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó fi ìka yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, bó ṣe ń fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló sọ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi jókòó sórí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ka ẹ̀kán omi, kò sì rántí aṣọ fèrèsé kankan.

Ẹṣin òkun kò lè gbé láìní ohun tí yóò fi ìrù dì mú. Koríko tí onígbàjámọ̀ rà fún balùwẹ̀ kò tíì dé, ló bá sáré gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó kó kóòmù ike eléyín gbọọrọ mẹ́ta tuntun wá, ó so òkúta mọ́ wọn nídìí, ó sì tò wọ́n sómi. Dúdú lọ yí ìrù mọ́ eyín kóòmù kìíní. Pupa wò yí ká, ó lọ yí tirẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ náà. Tọkọtaya náà kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì, wọ́n fi èjìká gbá ara wọn bí ọmọdé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Garawa pupa ti balùwẹ̀ ni, garawa funfun ti pálọ̀ ni, wọn kò gbọdọ̀ pàdé. Ẹni tó bá fọwọ́ kan omi pálọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé láìfọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìwé mìíràn tún wà lábẹ́ àpótí gíláàsì náà, irú èyí tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn: ooru omi, bí mímí ṣe yára sí, ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n yà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí irun oníbàárà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín."

"Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ni ẹja o."

"Bí gbogbo bàbá ọmọ ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín."

Ó lọ fọ ọ́.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, kò sì kéré: àwọn àlejò kò jẹun. Edé dídì wẹ́wẹ́ tí onígbàjámọ̀ ti kó sínú fíríìjì láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n yọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n jù ú sómi. Ó rì kọjá níwájú ẹnu Dúdú. Dúdú fi ojú bá a lọ díẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò, bí ẹni tí wọ́n gbé àwo òfìfo síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Pupa kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Inú òkun ni wọ́n ti dàgbà, ohun tó bá ń rìn nìkan ni wọ́n mọ̀ ní oúnjẹ. Ẹṣin òkun kò sì ní àpò tí í tọ́jú oúnjẹ sí nínú: ohun tó bá gbé mì ń kọjá lọ wàrà ni. Ẹni tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbààwẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gbé agolo kékeré kan wá. Ẹyin edé ni, tó dà bí ekuru pupa. Wọ́n gé ìdí ìgò ike mẹ́rin, wọ́n dorí wọn kodò, wọ́n bu omi iyọ̀ sí wọn, wọ́n tan iná sí wọn lára, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìgò náà ti kún fún àwọn ọmọ wínníwínní tó ń jó kiri nínú ìmọ́lẹ̀. Màmá Ẹ-Rọra gbé ojú sún mọ́ ọn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Nínú gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, kò gba ọmọ tó pọ̀ tó báyìí rí, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ké. Ṣùgbọ́n nígbà tó fún Pupa àti Dúdú, wọ́n kéré jù fún wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń ju ẹyọ ìrẹsì kọ̀ọ̀kan sẹ́nu alágbẹ̀dẹ. Wọ́n mú bíi mélòó kan, ó sú wọn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wá edé ààyè tó tóbi ju èyí lọ," ló wí. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Ní èbúté, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ní oníbàárà títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ní ń sọ tiyín?"

Màámi ti wọ bàtà. Wọn kò bi í, kò sì béèrè. Àwọn obìnrin méjèèjì wọ takisí pẹ̀lú garawa, asẹ́, àti aṣọ fèrèsé àtijọ́ kan tí Màmá Ẹ-Rọra ti rán mọ́ irin róbóróbó, wọ́n forí lé èbúté. Ẹ̀ṣọ́ kan dá wọn dúró lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó ń wọlé láìní ìwé, ló ní. Màmá Ẹ-Rọra gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra, edé lásán la bá wá." Ẹ̀ṣọ́ náà bá tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí pé kí n jókòó sílẹ̀ kí n tó ṣubú?"

Ó wò ó. Ojú ẹgbẹ̀rún ọkọ ló ti rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣubú kì í ṣòro rántí. "Ṣé ẹ jókòó?"

"Mi ò jókòó. Orí tábìlì irinṣẹ́ yín ni mo ṣubú lé." Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. "Ọmọ yẹn ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Ẹ wọlé. Ẹ mú asẹ́ yẹn wá."

Ẹ̀ṣọ́ náà ká ṣòkòtò, ó wọ inú omi tó dé orúnkún rẹ̀, ó ń fi asẹ́ gbá ìdí koríko. Màámi jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń fi ọ̀pá pàṣẹ. "Ó wà níbẹ̀ yẹn. Rárá, apá òsì rẹ. Òsì tèmi kọ́, òsì tìrẹ." Nígbà tí omi fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í padà, edé kéékèèké tó mọ́ gaara bí gíláàsì ti kún ìdajì garawa, ó jẹ́ pé ojú wọn dúdú kín-ín-kín-ín nìkan lèèyàn fi ń mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, Màmá Ẹ-Rọra fi omi iyọ̀ tó mọ́ ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó má bàa jẹ́ pé oúnjẹ ló máa kó àìsàn bá àlejò.

Ó ju ẹyọ kan sómi.

Edé náà fẹsẹ̀ tu omi, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòmù. Ojú Dúdú bá a yí. Lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ó tú ìrù sílẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ológbò tó rí ẹyẹ, ó na ẹnu gígùn rẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, tọ́! Edé kò sí mọ́. Ohùn náà dún bí ìgbà tí èèyàn ta ìka, ó sì dún jáde nínú omi.

Màmá Ẹ-Rọra ki aṣọ ìnura bọ ẹnu kó má bàa pariwo dẹ́rù bà wọ́n. Ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan níbi tí kò fẹ̀ tó ẹní. Ó ju òmíràn sí i. Tọ́. Pupa nìyẹn.

"Wọ́n jẹ ẹ́?" Màámi ló ń béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Wọ́n jẹ ẹ́, Màámi. Àwọn méjèèjì."

Màámi fi ọ̀pá lu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jó díẹ̀, ó sì jókòó nítorí orúnkún.

Màmá Ẹ-Rọra tẹ ọkọ rẹ̀ láago. Ó sọ gbólóhùn kan péré, ó sì gbọ́ ìró abẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Onígbàjámọ̀ ló wọlé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹni tó sì tẹ̀ lé e ni oníbàárà rẹ̀ kan, ọkùnrin ńlá kan tí aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ti dán, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì rí bí igbó.

"Ó ní ẹja òun ti jẹun," ni oníbàárà náà sọ fún Màmá Ẹ-Rọra, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Mo ní kí n wá wò ó."

"Ẹ fọ ọwọ́ yín dé ìgbọ̀nwọ́," ló dá a lóhùn.

Wọ́n fọ̀ ọ́. Ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ níwájú gíláàsì, ó sì bọ́ àwọn ẹja lójú wọn. Nígbàkígbà tí "tọ́" bá dún, oníbàárà náà á gbọ̀n bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé mì, á sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń bọ́ wọn. Ó fi oògùn aràn sínú omi edé kí edé lè gbé e wọnú wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lá oògùn kíkorò. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè máa lọ sí èbúté títí ayé, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn wọ́n jẹ. Á da edé òkú kan mọ́ ààyè mẹ́ta. Á fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ mú òkú náà, á máa mì ín, á máa yí i níwájú wọn bí ẹni pé ó ń jó. Dúdú gbà á lọ́jọ́ kejìlá. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ni Pupa tó gbà, ó sì kọ́kọ́ pọ̀ ọ́ jáde, ó wò ó, ó tún gbé e mì. Ìwé ìsàlẹ̀ àpótí náà kún. Ó kọ ohun gbogbo sí i, títí kan pé lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn méjèèjì di ìrù ara wọn mú, wọ́n ń lọ sókè sódò fún ìdajì wákàtí, àwọ̀ ara wọn sì ń mọ́lẹ̀ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Onígbàjámọ̀ wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó rí i pé iwájú ikùn Pupa ti wú bọ́ńbọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Atẹ́gùn ni," ló ní. "Atẹ́gùn ti kó sínú àpò rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ó máa ń ṣe àwọn akọ tí wọ́n bá wà nínú àpótí. Bí a kò bá tètè fà á jáde, á léfòó, á sì kú." Ó ti ń wá rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. "Ẹ dúró ná. Akọ wo ló ní àpò níwájú ikùn?"

"Akọ ẹṣin òkun náà ni. Ṣé mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ ni? Abo á yé ẹyin sínú àpò akọ, akọ á sì gbé oyún. Akọ ló ń rọbí."

Ọ̀rọ̀ a-gbọ́-sọgbá-nù ni. Màmá Ẹ-Rọra jókòó sórí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, ó gbọn èjìká rẹ̀, ó sì mú omi jáde lójú rẹ̀. "Baálé mi, ẹ tún un sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, Nọ́ọ̀sì. Yà fún mi kí n fa atẹ́gùn yìí."

Kò yà. Ó dìde, ó dúró láàárín òun àti gíláàsì, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ohùn wọ́ọ̀dù ló fi dá a lóhùn. "Ẹ gbé rọ́bà yẹn kalẹ̀. Ẹni tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ á máa léfòó, àbí? Èyí ń jókòó nísàlẹ̀ bí ẹni tí ẹrù wà lára rẹ̀. Ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lánàá. Ó ń mí dáadáa. Ẹ sì wo ọjọ́ kẹsàn-án níbí, ọjọ́ tí wọ́n di ìrù ara wọn mú." Ó fa ìwé náà yọ, ó fi ìka lé e. "Mo ti fọwọ́ kan ikùn ju iye irun tí ẹ gé lọ́dún yìí lọ. Bí ẹ bá gún un, ẹ ti gún àwọn ọmọ."

Ọkọ rẹ̀ ka ìwé náà. Ó wo Pupa. Ó tún ìwé náà kà. "Tó bá wá jẹ́ atẹ́gùn ńkọ́?"

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì. Bó bá léfòó, èmi fúnra mi ni màá di ẹja mú fún yín."

Ọjọ́ méjì kọjá. Pupa kò léfòó. Ó wú sí i, ó ń rìn bí ẹni tó gbé àpò ìrẹsì sáyà, ó sì ń jẹ edé méjì nígbà tí Dúdú bá jẹ ẹyọ kan. Onígbàjámọ̀ gbé rọ́bà náà padà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun tọrọ àforíjì, ó sì lọ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Màmá Ẹ-Rọra lọ bọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò ju edé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sómi. Pupa ti di kóòmù mú girigiri. Ó tẹ̀ síwájú bí ọ̀bẹ tí wọ́n ń pa dé, ó nà, ó tún tẹ̀. Obìnrin náà mọ ohun tó ń wò. Ó pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo.

Ó débẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Kí la máa ṣe? Ṣé kí n po omi? Ṣé kí n pa iná?"

"Ẹ jókòó," ló wí, "kí ẹ tó ṣubú."

Lẹ́yìn náà Pupa tẹ̀, ẹnu àpò rẹ̀ là, nǹkan kan sì tú jáde bí èéfín. Èéfín náà fọ́n ká, ó sì di ọmọ: ẹṣin kéékèèké tó pé pérépéré, olórí, onírù, tí wọn kò gùn ju èékánná lọ, tí wọ́n ń fò lọ sókè omi. Ogún. Ogójì. Pupa sinmi, ó tún tẹ̀, òmíràn tún tú jáde.

"Wọ́n dà bí irun tí mo gé sílẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìmọ̀.

Ìró ọ̀pá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Àgbà kì í wà nílé kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Màámi ń sọ bọ̀. "Ẹ yà fún mi."

"Màámi, orí gbogbo wọn ló wọ́," ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn."

Màámi gbé awò sójú, ó wo Pupa tó ń rọbí, ó wo Dúdú tó di kóòmù kejì mú tó ń wo ibòmíràn. Ó wò wọ́n títí. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí," ló sọ nígbà tó yá. "Bàbá yín ìbá ti rí èyí. Màá ní kó jókòó síbí gan-an, kó wò ó dé òpin." Ẹ̀rín sì pa á, ó ní láti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí garawa mẹ́rin, wọ́n lè tó ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn edé wínníwínní inú ìgò, tí àwọn òbí wọn kà sí yẹ̀yẹ́, ló wá bá wọn lẹ́nu mu. Ìgò mẹ́jọ ló wà lójú fèrèsé ilé ìdáná báyìí, tí wọ́n ń pa ẹyin bí ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ náà kò dúró. Ní àràárọ̀, Màmá Ẹ-Rọra ló máa ń fa àwọn tó ti kú jáde. Lẹ́yìn náà á gbé ojú sókè, á rí àwọn tó kù tí wọ́n to ara wọn mọ́ eyín kóòmù bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwòsàn tẹ̀ ẹ́ láago. Wọn kò rí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní ṣé kò lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

"Inú mi ìbá dùn," ló dáhùn, "ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń bọ́ àwọn ọmọ."

"Ọmọ? Ọmọ mélòó lẹ ní nílé, Màmá?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mo kà láàárọ̀ yìí."

Ọ̀gá náà ní kí Màmá sinmi dáadáa, pé òun yóò wá kí wọn.

Lọ́jọ́ kejìlélógójì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Kò sí kòkòrò, kò sí aràn, kò sí àpá funfun kankan lára Pupa àti Dúdú. Òrùka ara wọn ti bò mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún. Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n fi rọ́bà ń kán omi pálọ̀ sínú tiwọn títí ara wọn fi mọ́lé, Màmá Ẹ-Rọra sì ki ọwọ́ méjèèjì bọmi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tú wọn sílẹ̀ nínú àpótí ńlá náà.

Dúdú ló kọ́kọ́ lọ. Ó la àárín koríko kọjá, ó ń yí ojú sókè, ó ń yí ojú sódò. Pupa tẹ̀ lé e. Wọ́n yí ilé náà po láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí tọkọtaya tó ń wo yàrá tuntun, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sí ìdí koríko gíga kan láàárín, wọ́n sì fi ìrù dì í mú pa pọ̀. Màámi ní kí wọ́n sún àga òun síwájú. Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí aago dún, Màmá Ẹ-Rọra rọra gbé orí ọkọ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún rẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì gba balùwẹ̀ lọ bọ́ àwọn ọmọ.